Dókítà Akínọlá Májà: Ọgbọ́n tí báńkì tó wọlẹ̀ kọ́ ọ

Bí owó kan bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, àwọn àgbà a máa béèrè ibi tó ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò béèrè lọ́wọ́ MMM títí tó fi ti owó wọn mọ́lé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2016. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ CBEX náà kó tó dojú dé ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025. Ẹ̀yin oníṣòwò Ìfọ́n àti Ìlobùú, ìtàn Dókítà Akínọlá Májà yóò ṣe yín láǹfààní.

Oníṣègùn ni Májà. Edinburgh ló ti kẹ́kọ̀ọ́ kó tó padà sí Èkó. Nígbà náà, ó ṣòro fún oníṣòwò aláwọ̀ dúdú láti rí owó yá ní báńkì òyìnbó. Ìdí nìyí tí inú aráàlú fi dùn nígbà tí Winifried Tete-Ansa, ọmọ Gold Coast tó di Ghana, gbé Industrial and Commercial Bank dé. Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair bá a da òwò báńkì pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ìdókòwò rẹ̀ kéré, ìṣàkóso rẹ̀ kò sì gún. Ọdún 1930 ló wọlẹ̀.

Májà kò sá fún òwò náà, àmọ́ ó ti rí àrífín. Ní ọdún 1933, òun àti Doherty àti Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ariwo báńkì gba ìlú kan. Láàárín ọdún 1947 sí 1952, ilé-iṣẹ́ 185 ló forúkọ sílẹ̀ pé báńkì làwọn. Kò sí òfin báńkì kankan kó tó di ọdún 1952. Nigerian Farmers and Commercial Bank ń ṣí ẹ̀ka káàkiri, kódà ó dé London. Àwọn tó lóye rí àmì mẹ́ta: ẹ̀ka pọ̀ ju owó lọ, àwọn ọ̀gá ń yá ara wọn lówó, ìwé ìṣirò kò sì mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1954, ó lé ní 20 nínú báńkì 25 ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti kógbá wọlé. Owó ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ bá a lọ.

National Bank dúró. Májà fúnra rẹ̀ di ààrẹ Nigerian Youth Movement. Òun náà ló ṣíwájú ìgbìmọ̀ tó dìde nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà ní Enugu lọ́dún 1949.

Síbẹ̀, kò sí báńkì tí kò yẹ ní wíwò. Nígbà tó yá, owó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni National Bank gbára lé, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Coker sì tú àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1962. Ní ọdún 2005, ó wọ inú Wema Bank.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ tó gbé owó ọjà tàbí àjọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè: òwò wo lẹ fi ń pa èrè yìí? Ta ló ń yẹ ìwé yín wò? Ẹni tó bá fi ìbínú dáhùn ti fi àmì hàn.