Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, Baba tí Kò Gba Ìlọ́wọ́ọ́wọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kò yẹ kí a ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa láì dárúkọ àwọn baba tí wọ́n fúnrúgbìn kí àwa tó wá kórè. Ọ̀kan nínú wọn ni Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́ nítorí ìwà rẹ̀.

Ilẹ̀ Sàró ni a gbé bí i ní nǹkan bí ọdún 1836, láti inú ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti Ìjẹ̀bú. Ó kàwé ní Fourah Bay, a sì fi í jẹ díákónì ní 1863. Ní 1874 ó dé Èkó, ó sì di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ St. Paul, Breadfruit.

Nígbà tí a fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ohun méjì ni ó dúró lé lórí: pé kí olúkúlùkù ọmọ ìjọ máa san owó kíláàsì, kí ìjọ lè bọ́ ara rẹ̀, àti pé kò tọ́ kí ẹni tí Kristi dá sílẹ̀ fi ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ẹrú. Òtítọ́ korò. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bínú sí i, nígbà tí ó sì di 1880, a mú un kúrò níbẹ̀. A kò ní sọ pé kò le jù nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò bá olówó sọ ohun tí kò lè bá tálákà sọ.

Ó padà sí Breadfruit, ó sì ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n fi orúkọ Yorùbá ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn. Nítorí ìgbàgbọ́ kò ní kí ọmọ sọ ilé baba rẹ̀ nù. Lẹ́yìn ogun 1892, tí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ṣí sílẹ̀ fún Ìhìnrere, òun ni ó ṣe àbójútó iṣẹ́ láàárín àwọn ará Ìjẹ̀bú, ìbátan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní 1900 a yà á sí mímọ́ fún oyè bíṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Delta títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1917.

Ará, bí àwọn ọlọ́lá díẹ̀ bá fà sẹ́yìn lónìí, ǹjẹ́ ìjọ wa yóò dúró? Ìbéèrè tí ayé baba yìí fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn. Kí Olúwa jẹ́ kí olúkúlùkù wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn. Àmín.