William Piper àti Bàálù Yẹ́lò

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí William Piper ní ọdún 1881. Òwò epo rọ̀bì ló ń ṣe, kò mọ nǹkan kan nípa bàálù. Ó kàn fi owó díẹ̀ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàálù kéékèèké ni. Nígbà tí gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn, wọ́n gbé e ta, Piper sì rà á ní dọ́là 761 péré!

Ohun tó wà lọ́kàn baba yìí ni pé kí mẹ̀kúnnù náà lè ra bàálù. Iná jó ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní 1937, ló bá kó lọ sí Lock Haven. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe J-3 Cub, bàálù yẹ́lò elérò méjì, tí owó ẹ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là àti díẹ̀ lọ. Kò yára rárá o, ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ lókè, kó máa wo oko àti odò. (Èmi ò jẹ́ dán an wò.) Wọ́n ṣe é ju 19,000 lọ.

Piper kú ní 1970. Títí dòní, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń ṣe bàálù tuntun tó jọ Cub àtijọ́ yẹn gẹ́lẹ́, torí ojú ẹ̀ ṣì ń wu àwọn èèyàn. Àmọ́ òmíràn nínú wọn ti ju dọ́là 200,000 lọ. Mẹ̀kúnnù wo ló fẹ́ rà á? Bí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa bá dá owó àpò wa jọ, bóyá la fi máa rí táyà ẹ̀ rà.