Fadá Haüy, Ẹni Tí Ó Wo Inú Òkúta

Ní oṣù Féráárì ọdún 1743 ni a bí René Just Haüy ní Saint-Just-en-Chaussée, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé. Ahunṣọ ni baba rẹ̀, tálákà sì ni. Bí kò bá ṣe ti àwọn àlùfáà ilé ìsìn kan tí ó wà nítòsí wọn ni, ìdí òfì ni ọmọ náà ìbá ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ó fẹ́ràn orin ìsìn, pé ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ìwé, nígbà tí ó sì yá, ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Paris. Iṣẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ rí níbẹ̀, kí ó tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Navarre. Ó di olùkọ́. Ní 1770 ó di fadá. Àbúrò rẹ̀, Valentin, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Paris, níbi tí Louis Braille ti kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn náà. Ilé ahunṣọ náà kò bí òmùgọ̀.

Haüy ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀rọ̀ òkúta tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ewéko ni ó kọ́kọ́ kọ́, nítorí àti tẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ àgbà kan lọ́rùn. Nígbà tí ó wá lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Daubenton lórí àwọn ohun àlùmọ́nì ilẹ̀, ohun kan rú u lójú. Òdòdó igi kan náà kì í yí ìrísí padà láti ọdún dé ọdún. Kí ni ó dé tí òkúta kan ṣoṣo fi ń ní oríṣiríṣi ìrísí?

Ẹ jẹ́ kí a mú kálísáìtì ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ó pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun, irú èyí tí a ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Bí omi bá yọ́ ọ, tí omi náà sì ń sun díẹ̀díẹ̀ gba inú pàlàpálá àpáta, kálísáìtì a tún dì sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá rí àyè àti àkókò tí ó tó, a di kírísítà tí ń dán, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e. Òmíràn a rí ṣóńṣó bí eyín ajá, òmíràn a ní igun mẹ́fà.

Ní nǹkan bí ọdún 1781, Haüy ń wo àwọn òkúta tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kó jọ, ni ọ̀kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ojú ara ẹni ì bá tì í, ṣùgbọ́n ojú ibi tí òkúta náà ti fọ́ ni ó ń wò. Kò fọ́ ṣákaṣàka bí ìgò; ó tẹ́jú, ó sì ń dán. Ó délé, ó mú òòlù, ó fọ́ kálísáìtì tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun yòówù tí ìrísí wọn ìbáà jẹ́ lóde, ìrísí kan náà ni gbogbo wọn fọ́ sí: bí àpótí tí a tì dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó ti wù kí èérún náà kéré tó, igun rẹ̀ kì í yàtọ̀. Haüy wá rí i pé a to òkúta láti inú wá ni, bí a ti ń to bíríkì, ní ẹsẹẹsẹ, àti pé bí ẹsẹ náà bá ṣe ń dín kù ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni ìrísí òde ṣe ń yàtọ̀. Ní 1783 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé gbà á wọlé. Ní 1784 ó tẹ ìwé lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ìlú dàrú. Ìjọba àwọn tí ó gbógun ti ọba ní kí gbogbo àlùfáà búra fún òfin tuntun, Haüy kọ̀. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1792 ni wọ́n mú un, tí wọ́n tì í mọ́ Saint-Firmin, ilé ẹ̀kọ́ tí a ti sọ di ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí wọ́n kó àwọn òkúta òun wá, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀ bí ẹni tí kò sí nínú ewu. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, Geoffroy Saint-Hilaire, ẹni ogún ọdún, ni ó sáré kiri lọ́dọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ títí ó fi rí ìwé ìdásílẹ̀ gbà. Nígbà tí ìwé dé lálẹ́, fadá ní ilẹ̀ ti ṣú, òun yóò jáde lọ́la! Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹta oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn jàǹdùkú ya wọ Saint-Firmin, wọ́n sì pa àwọn àlùfáà tí ó lé ní 70.

Ìyẹn kò sọ ọ́ di ojo. Òun àti Lavoisier ni wọ́n jọ wọn omi ní 1793 láti fi mọ ìwọ̀n kílò. Nígbà tí a ju Lavoisier sí ẹ̀wọ̀n, Haüy wà lára àwọn tí ó kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ní 1794 a bẹ́ Lavoisier lórí.

Nínú Ìwé Ìfihàn, òkúta méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ka smaragdu àti bẹ́rílì sí. Haüy wọn igun kírísítà wọn, ó sì sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó bẹ Vauquelin kí ó fi oògùn yẹ̀ wọ́n wò. Ní 1798 Vauquelin rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rí irin tuntun kan nínú méjèèjì, èyí tí à ń pè ní bẹrílíọ́ọ̀mù.

Ìwé ńlá rẹ̀ lórí àlùmọ́nì jáde ní 1801. Ọdún kejì ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ̀dá ní Paris, ní 1807 a sì fi orúkọ rẹ̀ pe òkúta aláwọ̀ aró kan. Nígbà tí Napoleon ṣubú, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bọ́. Ohun kan sì wà tí ó ń dà á láàmú títí dé òpin: aragónáìtì, tí èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kálísáìtì, ṣùgbọ́n tí igun rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ rárá. Kò rí ìdí rẹ̀. Ó ṣubú nínú yàrá rẹ̀, itan rẹ̀ dá, ó sì kú ní oṣù Júùnù 1822. Ní 1912 ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì tan ìtànṣán X gba inú kírísítà kọjá. Kì í ṣe bíríkì ni wọ́n bá níbẹ̀ bí Haüy ti rò, átọ́ọ̀mù ni. Ṣùgbọ́n ní ẹsẹẹsẹ ni wọ́n tò, bí èrò kan náà sì ti lè tò ní ọ̀nà méjì ni kálísáìtì àti aragónáìtì fi yàtọ̀.