Hánnà Àfàlá, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó jókòó ní ilé-ìwé tí kò gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀, púpọ̀ nínú wa ni yóò dákẹ́. Ìyá náà ni a fẹ́ rántí nínú ìwé ọ̀sẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Láti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Àfàlá ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀ṣoògùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn, ni ó gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ híhun. Ìtàn sọ pé olùsìn Ọbàtálá ni Àfàlá, àti pé ó bá ìdílé Aláàfin Abíọ́dún tan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí wọ́n ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun dé. Àwọn ọkùnrin sáré lọ sí ibi odi. Baba Àjàyí sáré wálé, ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa sá lọ, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́. Àfàlá kó Àjàyí, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì àti ọmọ ìbátan wọn kan, ó di inú igbó. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. Ta ni ó lè gbé ọmọ ọwọ́ kí ó sì sáré tó ẹlẹ́ṣin? Wọ́n mú gbogbo wọn, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn. Àjàyí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn mìíràn. Wọn kò gbọdọ̀ ké sókè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ta Àjàyí dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Dàda, ó sì bá ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀. Fún bí oṣù mẹ́ta ó ń yọjú sí wọn nígbàkúùgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n rán an níṣẹ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dè é, ìyá rẹ̀ kò sì rí i kí ó tó lọ.

Ohun tí ó bá Àjàyí lẹ́yìn èyí, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n: Èkó, ọkọ̀ ẹrú, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbà wọ́n là ní oṣù Éprílì, 1822, Sàró, ìrìbọmi ní 1825, àti oyè àlùfáà ní 1843. Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá.

Àfàlá bọ́ lóko ẹrú, wọ́n tún mú un, wọ́n tún tà á. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó rà á padà. Ìyá tirẹ̀ kú sí oko ẹrú. Ẹlòmíràn ìbá ti káwọ́ lérí. Obìnrin yìí kó àwọn tí ó kù jọ: àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n jọ kó ní Ọ̀ṣoògùn tún padà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbàká, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, òun ni ó sì ń tọ́jú àwọn àti àwọn ọmọ wọn. Ní tèmi, ibí yìí ni mo ti rí agbára obìnrin náà jù lọ, kí òkìkí ọmọ rẹ̀ tó dé etí rẹ̀ rárá.

Ní oṣù Ògúsítì, 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta láti ṣe iṣẹ́ Ìhìnrere. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ìyá rẹ̀ wá a wá. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Ó wá ń fi àwọn orúkọ tí ìyá-ńlá rẹ̀ fi máa ń pè é ní kékeré pè é. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni wọn kò ti rí ara wọn.

Ó dára kí a kíyè sí i pé ìyá kò torí ọmọ sáré wọ inú omi. Oṣù méjìdínlógún ó dín díẹ̀ kọjá kí ó tó ṣe ìrìbọmi, ní ọjọ́ 5 oṣù Fẹ́búárì, 1848, nígbà tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wà lára àwọn àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta, ọmọ tí ó bí ni ó sì ṣe ìrìbọmi fún un. Hánnà ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ẹni tí ó bá mọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì kò nílò àlàyé.

Ìyá tí ó ti sọ ọmọ nù rí tún ní láti máa retí rẹ̀. Ní oṣù Òkítóbà, 1857, ọkọ̀ Dayspring tí Crowther wọ̀ forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, lójú ọ̀nà rélùwéè tí ó kó púpọ̀ nínú wa wá sí Minna, ó sì pẹ́ ní ilẹ̀ Tápà níbẹ̀. Láti inú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni ìwé èdè Tápà tí ó tẹ̀ jáde ní 1864 ti wá. Ní ọdún 1864 kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Júùnù, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ní Nòfẹ́ńbà rẹ̀, Abigail, ọmọ-ọmọ Hánnà, bí Herbert Macaulay ní Èkó.

Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ síra wọn bí ti ilé gbogbo. Dandeson di Áṣídíákónì lórí Odò Ọya, Josiah ṣe òwò lórí odò kan náà; Herbert ọmọ Abigail sì ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ń wọn ilẹ̀, kí ó tó fi í sílẹ̀ tí ó bá ìjọba náà jà.

Èkó ni ìyá àgbà lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ sí. Ó rí ikú Susan, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ní 1880. Òun náà sùn ní 1883, ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù, tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, tún ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ sí i.