Toussaint Louverture àti Orúkọ tí Wọ́n Pè É

Ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù ńlá kan nínú òkun Kàríbíà ni ilẹ̀ Haítì wà. Láyé àtijọ́, àwọn Faransé ni ó ń ṣàkóso rẹ̀, Saint-Domingue sì ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ní lókè òkun, òun ni ó ń mú owó wọlé jù lọ, nítorí ìrèké àti kọfí tí a ń gbìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn Faransé ni ó ń ro oko náà. Ní ọdún 1789 àwọn ẹrú tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 500,000, nígbà tí àwọn òyìnbó kò ju nǹkan bí 30,000 lọ. Àwọn ènìyàn wa kò ṣàì sí nínú wọn. Àwọn tí a ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ni wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1743 ni a bí Toussaint ní oko Bréda, tí kò jìnnà sí ìlú Cap-Français. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, ẹrú ni ìyá rẹ̀. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé ọmọ ọba Allada, ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, ni bàbá náà kí a tó kó o lẹ́rú. Toussaint mọ ìtọ́jú ẹṣin, ó mọ ewé àti egbò, òun ni ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún alábòójútó oko náà. Kí ó tó pé ọmọ ogójì ọdún, ó ti gba òmìnira. Ó tilẹ̀ ya oko kọfí kan lò, àwọn ẹrú ni ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí lè ya òǹkàwé lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́, ìtàn tí a ń sọ kì í ṣe ti Toussaint mọ́.

Ní ọdún 1789 kan náà, àwọn ará Paris dìde sí ọba wọn. Wọ́n kọlu ilé ẹ̀wọ̀n ńlá ìlú náà, ìgbìmọ̀ wọn sì kéde pé bákan náà ni a bí gbogbo ènìyàn, àti pé òmìnira jẹ́ ẹ̀tọ́ olúkúlùkù. Àwọn tí ó ṣe èyí ń pe ara wọn ní olùfẹ́ ilẹ̀ baba wọn. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ ọdún 1791, àwọn ẹrú ìhà àríwá Saint-Domingue náà dìde sí àwọn ọ̀gá wọn. Wọ́n dáná sun oko ìrèké, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ọlọ́ṣà ni àwọn Faransé pe àwọn wọ̀nyí.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáradára. Bí a bá pe ènìyàn ní ọ̀tá tí ń bá ni jagun, a lè bá a ṣe àdéhùn, a sì lè béèrè ohun tí ó ń bí i nínú. Ṣùgbọ́n ta ni í bá ọlọ́ṣà jókòó sọ̀rọ̀? Pípa ni à ń pa á. Òtítọ́ ni pé àwọn ẹrú náà hùwà ìkà. Ṣùgbọ́n pàṣán, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti gígé etí tí àwọn fúnra wọn ti fojú rí, kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìwà ọlọ́ṣà, nítorí inú ìwé òfin ọba ni a kọ ọ́ sí láti ọdún 1685. Ní ìparí ọdún 1791, àwọn olórí ẹrú ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ àlàáfíà, Toussaint sì wà lára àwọn tí ó ń sapá kí àdéhùn náà lè ṣeé ṣe. Ìgbìmọ̀ àwọn olóko kọ̀, wọ́n fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ogun kò sì tán fún ọdún méjìlá.

Ní ọdún 1793, Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì gbé ogun ti Faransé. Sípéènì ni ó ni apá ìlà-oòrùn erékùṣù náà, ó sì ní ẹrú tirẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó fún àwọn tí Faransé ń pè ní ọlọ́ṣà ní ìbọn, owó àti àmì ẹ̀yẹ, ó sì sọ wọ́n di olùrànlọ́wọ́ ọmọ ogun ọba. Àwọn ènìyàn kan náà ni, igbó kan náà ni wọ́n wà; orúkọ nìkan ni ó yí padà. Toussaint bá wọn lọ. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún náà, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé òun ń jà fún òmìnira, ó sì fi orúkọ tuntun sí i: Louverture, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣí tàbí ojú ọ̀nà. Bí àwọn àjèjì ti ń sọ ọ́ lórúkọ, òun náà sọ ara rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ Paris fòpin sí oko ẹrú ní oṣù kejì ọdún 1794, kò pẹ́ tí Toussaint fi Sípéènì sílẹ̀, tí ó sì darapọ̀ mọ́ Faransé. Ọ̀dàlẹ̀ ni ó wá di lójú Sípéènì. Faransé pè é ní ọmọ ìlú, ó sì sọ ọ́ di ọ̀gágun. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó yí i lọ́kàn padà. Ní tèmi, mo rò pé ó ti mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọba wọ̀nyí tí ó fẹ́ràn òun, nítorí náà ó ń wo ọwọ́ wọn, kì í wo ẹnu wọn.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ ní ọdún 1793 láti gba ilẹ̀ náà fún ara wọn. Ibà pọ́njú àti idà Toussaint pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, títí wọ́n fi bá a ṣe àdéhùn ní ọdún 1798 tí wọ́n sì lọ. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọ̀tá ti di oníbàárà, òdù ọ̀yà tí ó pa wá hàn sí gbogbo ènìyàn: àwọn ìwé ìròyìn London bẹ̀rẹ̀ sí í yin Toussaint.

Amẹ́ríkà náà bá a dọ́rẹ̀ẹ́, nítorí pé òun àti Faransé ń jà lórí òkun nígbà náà. Ní ọdún 1799, wọ́n fún Ààrẹ John Adams láyè láti tún ṣí òwò pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Toussaint ń bá Ọ̀gágun Rigaud ti ìhà gúúsù jà, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn sí àwọn odi Jacmel láti ràn án lọ́wọ́ ní ọdún 1800. Ní ọdún 1801, Thomas Jefferson, olóko tí ó ní ẹrú púpọ̀, di Ààrẹ, ojú Amẹ́ríkà sì yí padà. Ní ọdún 1806, wọ́n fi òfin ka òwò pẹ̀lú Haítì léèwọ̀.

Bí àwọn ẹlòmíràn ti fi ọ̀rọ̀ ṣe Toussaint, òun náà fi ṣe àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó nílò owó láti ra ìbọn, inú oko ìrèké sì ni owó wà. Ní ọdún 1800, ó ṣe òfin pé kí àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú padà sí oko, kí wọ́n máa gba ìdá mẹ́rin èrè, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ro ilẹ̀ tirẹ̀ di alárìnkiri àti ọ̀lẹ lójú òfin, sójà sì ń lépa rẹ̀. Ní ọdún 1801, àwọn àgbẹ̀ àríwá dìde. Toussaint ka Ọ̀gágun Moyse, tí ó ti mú bí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn wọn, ó sì ní kí a yìnbọn pa á. Ní ọdún yìí kan náà ni ó ti ṣe ìwé òfin tí ó sọ ọ́ di gómìnà títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Napoleon kò fara mọ́ èyí. Ó rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí 20,000 sójà, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1802. Leclerc kéde fún gbogbo ìlú pé òmìnira wọn kò ní yẹ̀. Ó kó Isaac àti Placide, àwọn ọmọ Toussaint tí ó ń kàwé ní Faransé, wá bá bàbá wọn, pé kí wọ́n fi rọ̀ ọ́. Toussaint kọ̀, ó ní kí àwọn ọmọ náà yan ibi tí wọ́n fẹ́. Isaac yan Faransé. Placide, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti bí kí ó tó fẹ́ ẹ, ni ó dúró tì í. Leclerc pe Toussaint ní ọlọ̀tẹ̀ tí òfin kò dáàbò bò mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó ti lé padà sí oko kò yára gbé ìbọn fún un. Ó jà fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó túúbá.

Ní oṣù kẹfà, ọ̀gágun Faransé kan kọ ìwé sí i pé kí ó wá kí àwọn jọ sọ̀rọ̀, pé kò sí ewu. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para, ṣùgbọ́n Toussaint lọ. Wọ́n mú un, wọ́n dè é, wọ́n sì gbé e sọdá òkun lọ sí ilé ẹ̀wọ̀n Joux, lórí àwọn òkè olótùútù ní ìlà-oòrùn Faransé. Wọ́n gba aṣọ ológun lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ wá láti Paris pé wọn kò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀gágun mọ́. Toussaint nìkan ni kí wọ́n máa pè é. Ó kọ ìwé gígùn sí Napoleon láti ro ẹjọ́ rẹ̀, a kò dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1803.

Kí ó tó kú, Napoleon ti ṣe òfin tí ó fi ìdí oko ẹrú múlẹ̀ padà ní àwọn ilẹ̀ Faransé mìíràn. Nígbà tí àwọn ènìyàn Saint-Domingue gbọ́ ọ, àgbẹ̀ àti sójà dìde pọ̀, wọ́n sì lé Faransé lọ lábẹ́ Dessalines. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804, wọ́n sọ ilẹ̀ náà ní Haítì, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ń pè é. Ọdún 1825 ni Faransé tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni, lẹ́yìn tí ó ti bu 150 mílíọ̀nù owó fránkì lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí ìtanràn fún àwọn olóko. Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1862. Ní ọdún 1998, Faransé kọ orúkọ Toussaint Louverture sára ògiri Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni wọn, wọ́n sì pè é ní ajìjàgbara níbẹ̀.