Ìtàn Ìgbésí Ayé William Tweed, Ọ̀gá Ìlú New York Tí Ìwé Owó Tú Àṣírí Rẹ̀

Lára àwọn ìtàn tí ó ń fi hàn bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ìbílẹ̀ ní ìkùnà, ti William Magear Tweed ti ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà nínú èyí tí ó hàn kedere jù lọ. Tweed kò jẹ olórí ìlú náà rí. Síbẹ̀, fún ọdún díẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agbára káká ni a fi rí òpópónà tí a là tàbí ilé ìjọba tí a kọ́ níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé Rẹ̀

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 1823 ni a bí Tweed ní apá ìsàlẹ̀ erékùṣù Manhattan. Bàbá rẹ̀ ń kan àga tà. Ọmọdé ni Tweed wà tí ó fi kúrò ní ilé-ìwé láti kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ gàárì ẹṣin, ó sì tún kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìwé owó ilé iṣẹ́.

Ní ayé ìgbà náà, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó ni ó ń pa iná ní New York. Tweed, ẹni tí ó sígbọnlẹ̀ tí ọ̀yàyà sì pọ̀ lára rẹ̀, di aṣáájú ẹgbẹ́ panápaná kan tí ó ń jẹ́ Americus. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti kàn. Ní ọdún 1851, wọ́n dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú. Láti ọdún 1853 sí 1855, ó wà ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, ṣùgbọ́n ó rí i pé ilé ni agbára gidi wà, ó sì padà wá sílé.

Ìgbìmọ̀ Tí A Dá Sílẹ̀ Láti Ṣọ́ Owó

Kí owó ìlú má bàa máa ṣòfò, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ alábòójútó ẹlẹ́ni 12 kalẹ̀ ní ọdún 1857. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ni wọ́n ti mú wọn, mẹ́fà láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èrò pé ẹgbẹ́ kan yóò máa ṣọ́ èkejì. Iṣẹ́ wọn ni láti yẹ ìwé owó àwọn agbaṣẹ́ṣe wò kí a tó san án. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n nígbà tí Tweed wọ inú ìgbìmọ̀ náà tán, ó di ẹni tí ó fi ewúrẹ́ ṣọ́ iṣu. Òun àti àwọn mìíràn níbẹ̀ fi ẹnu kò pé agbaṣẹ́ṣe tí ó bá fẹ́ kí a tètè fọwọ́ sí ìwé owó rẹ̀ ní láti fi ìdá 15 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọgbọ́n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kò ní í yọ owó ẹ̀yìn náà nínú èrè tirẹ̀. Yóò kàn kọ ìwé owó rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni. Ará ìlú tí ó ń san owó orí ni ó ń san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ja òun fúnra rẹ̀ lólè. Ẹni tí ó sì jẹ́ olóòótọ́, tí ó kọ iye tí iṣẹ́ tọ́ sí gan-an, kò lè rí iṣẹ́ gbà, nítorí kò ní ohun tí yóò yọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1863, Tweed di olórí Tammany Hall, ẹgbẹ́ tí ó ń darí òṣèlú ìlú náà. Ó di igbákejì alábòójútó òpópónà, ipò tí ó fún un láyè láti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ ni ó ń tẹ ìwé fún ìjọba. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ra ibi tí a ti ń wa òkúta mábù ní ìlú Sheffield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n sì ń ta òkúta náà fún iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn ń bójú tó.

Ilé Ẹjọ́ Tí Owó Rẹ̀ Ju Ti Alaska Lọ

Iṣẹ́ tí ó fi gbogbo ètò yìí hàn jù ni ilé ẹjọ́ tí a kọ́ sí òpópónà Chambers. Dọ́là 250,000 ni a kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún un, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1871, owó tí a ti ná sí i ti lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là, ilé náà kò sì tíì parí. Ní ọdún 1867, mílíọ̀nù 7.2 dọ́là ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ra gbogbo ilẹ̀ Alaska lọ́wọ́ ìjọba Rọ́ṣíà.

Wọ́n san dọ́là 360,751 fún káfíńtà kan fún iṣẹ́ oṣù kan ṣoṣo, nínú ilé tí pákó kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rẹ́ ògiri gba ohun tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù 3 dọ́là. Owó ẹ̀yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 15 ń ròkè títí ó fi kọjá ìdajì gbogbo owó tí a kọ sínú ìwé.

Ní ọdún 1870, òfin tuntun kan tí Tweed ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún ìlú New York ní agbára púpọ̀ sí i lórí ara rẹ̀. Tweed di kọmíṣánnà fún iṣẹ́ òde. Òun, olórí ìlú A. Oakey Hall, àti alákòóso ìwé owó Richard Connolly ni a fi ṣe ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ gbèsè ìlú wò. Wọ́n fọwọ́ sí ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là láìpẹ́ rárá. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ jáde, ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò àti ẹni tí ó san owó rẹ̀ ti di ọ̀kan náà.

Kì í ṣe pé Tweed kò ṣe rere kankan. Ó ran àwọn àlejò tí ó ń wọ ìlú náà lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́. Ní ìgbà òtútù ọdún 1870, ó fi dọ́là 50,000 ta àwọn aláìní ní àdúgbò rẹ̀ lọ́rẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń fi tọrẹ kéré sí èyí tí ó ń kó, àwọn tí ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí yóò san gbèsè ìlú náà.

Bí Àṣírí Ṣe Tú

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1871, James Watson, ẹni tí ó ń ṣe kòkárí ìwé owó àṣírí wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí yìnyín. Matthew O'Rourke, tí a fi sí ibi iṣẹ́ ìwé owó náà, da àkọsílẹ̀ náà kọ, ó sì gbé e fún ìwé ìròyìn New York Times. Connolly fi mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ George Jones tí ó ni ìwé ìròyìn náà kí ó má bàa tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ní oṣù Keje, àwọn iye owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbà á àti ọjọ́ tí ó gbà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè Jámánì pẹ̀lú, nítorí àwọn ará ìlú tí èdè náà jẹ́ tiwọn. Thomas Nast sì ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa Tweed nínú ìwé ìròyìn Harper's Weekly, tí ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá lè lóye.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1871, àwọn ará ìlú péjọ sí gbọ̀ngàn Cooper Union, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 70 láti gba owó ìlú sílẹ̀. Agbẹjọ́rò Samuel Tilden tọ ipasẹ̀ owó náà dé ilé ìfowópamọ́, ó sì fi hàn pé bí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá ti gba owó, apá kan nínú rẹ̀ ń bọ́ sínú àpò Tweed.

Òpin Ayé Rẹ̀

Wọ́n mú Tweed ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1873, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 204, ó sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 12. Ilé ẹjọ́ gíga dín in kù sí ọdún kan, ṣùgbọ́n bí ó ti jáde ní ọdún 1875 ni ìjọba ìpínlẹ̀ tún pè é lẹ́jọ́ láti gba mílíọ̀nù 6 dọ́là padà. Kò rí owó ìdúró san, wọ́n sì dá a padà sí àhámọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1875, ó sá lọ, ó gba Kúbà kọjá sí ilẹ̀ Sípéènì. Àwòrán Nast ni a fi dá a mọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà ní ọdún 1876. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ṣe ní ọdún 1877, pẹ̀lú ìrètí pé a ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò dá a sílẹ̀. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1878 ni ó kú sí àhámọ́ òpópónà Ludlow, ní ẹni ọdún 55.

Ilé ẹjọ́ náà ṣì wà ní ìdúró títí di òní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí ni pé ìgbìmọ̀ nìkan kò tó láti dáàbò bo owó ìlú, nítorí ìgbìmọ̀ ni Tweed fi jalè. Kí a polówó iṣẹ́ ní gbangba, kí a ṣí ìwé iye owó àwọn tí ó ń díje lójú gbogbo wọn, kí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ jáde má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò tàbí tí yóò san owó rẹ̀, kí ará ìlú sì lè rí àkọsílẹ̀ ìnáwó kà ní èdè tí ó gbọ́. Ohun tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣẹ́gun Tweed nígbà tí gbogbo ìyókù ti kùnà.