Taha Hussein: ọmọ abúlé tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ìbànújẹ́ fẹ́ gbé mì

Ẹni tó bá ń ná ọjà Pobè àti Sakété mọ̀ pé àwọn tí ojú ń yọ lẹ́nu kò kéré láàárín wa. Ìyá oníṣòwò kan kò rí owó kà mọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a kà á. Bàbá kan kò lè dá sọdá títì mọ́ nítorí àwọn zémidjan tó ń sáré. Bí ó bá kọjá lára ojúlùmọ̀ láìkí i, wọ́n á ní ó ń gbéraga. Bí a bá ki irú wọn, ojú nìkan la máa ń béèrè, a kì í béèrè bí ọkàn wọn ti rí. Ìdí nìyí tí a fi gbé ìtàn ọkùnrin kan wá lónìí, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tó kọ ohun tí ojú fífọ́ ṣe sí ọkàn rẹ̀ sínú ìwé láìfi nǹkan bò.

Taha Hussein ni orúkọ rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1889 ni wọ́n bí i, ní abúlé kékeré kan lẹ́bàá Maghagha, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọmọ mẹ́tàlá ni bàbá rẹ̀ bí, òun ni ìkeje. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́, owó tó ń gbà kò sì tó nǹkan.

Kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n, tí ipin bò ó. Ọmọ kún ilé, iṣẹ́ kún ọwọ́ ìyá, wọ́n rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan kọjá, kò lọ. Onígbàjámọ̀ abúlé ni wọ́n wá pè, ìtọ́jú tó fún ojú náà ló sì fọ́ ọ pátápátá. Kí a má yára dá òbí náà lẹ́bi. Nínú ilé tiwa náà, bí ojú ọmọ bá pọ́n, oògùn tí wọ́n ń gbé kiri ọjà la máa ń kọ́kọ́ rà kán sí i, a ó sì máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ìgbà èwe rẹ̀, kì í ṣe òkùnkùn ojú ló dun ọmọ yìí jù. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn arákùnrin òun ń ṣe ohun tí wọn kò jẹ́ kí òun ṣe. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn ohun tí òun kò mọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yé e pé wọ́n ń rí ohun tí òun kò rí. Láti ìgbà náà ló ti ń dákẹ́, tó ń fi ìbànújẹ́ sínú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo ilé jókòó ti oúnjẹ. Ó wu ọmọ náà láti dán nǹkan wò, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú òkèlè dípò ọwọ́ kan. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ rọra fi ohùn ìbànújẹ́ sọ fún un pé a kì í jẹun báyẹn. Kò sí ẹni tó nà án, kò sí ẹni tó bú u. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ bí òun ṣe lo òru ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ọbẹ̀, ìrẹsì àti ohunkóhun tí wọ́n ń fi ṣíbí jẹ du ara rẹ̀, kí nǹkan má baà dà sí i lára kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kó tó jáwọ́ nínú èyí. Ó ń fẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ òun sínú yàrá kí òun nìkan jẹ ẹ́. Eré àwọn ọmọdé náà, ó pa á tì, àfi gbígbọ́ ìtàn àti orin.

Wọ́n fi í sí ilé kéwú, ó sì há Àlùkùránì sórí kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọdún 1902, àrùn onígbáméjì pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó fẹ́ di dókítà. Ọdún náà gan-an ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn lọ sí Káírò láti kẹ́kọ̀ọ́ ní Al-Azhar.

Ibẹ̀ ni ìdánìkanwà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu tíì ní yàrá kejì, á fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọn kì í tan iná fún un, nítorí kí ni afọ́jú fẹ́ fi iná ṣe? Bẹ́ẹ̀ sì ni òkùnkùn náà ń bà á lẹ́rù. Ó ń gbọ́ kòkòrò tó ń rìn lára ògiri, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá kejì. Ó wù ú kó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ìgbà tí ìbátan rẹ̀ kan láti abúlé wá bá a gbé, tí ó ń bá a rìn, tí ó sì ń bá a jẹun, ni ara tó tù ú.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Àwọn dókítà ti rí i káàkiri ayé pé ẹni tí àìsàn ojú bá ń bá jà fún ìgbà pípẹ́ tètè máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju ẹni tí ojú rẹ̀ dá lọ. Kò ní sùn dáadáa, oúnjẹ kò ní wù ú, kò ní fẹ́ jáde, á máa ní òun kò wúlò mọ́. Èyí kì í ṣe wèrè, kì í sì ṣe pé ayé ń ṣe é. Àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì náà sì ń ba ojú jẹ́ sí i, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kò ní rántí kán oògùn mọ́, kò sì ní padà sọ́dọ̀ dókítà. A ń sọ èyí nítorí glaucoma, àìsàn tí omi inú ojú sábà máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń jí ìríran kó láìdunni. Ó pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó ń rìn nínú ìdílé, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà. Oògùn tí wọ́n ń kán lójoojúmọ́ tàbí iṣẹ́ abẹ ló lè dá ìyókù dúró. Ìròyìn ayọ̀ kan náà wà: ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ṣẹ́gun trachoma, àrùn ojú pípọ́n tó ń fọ́ ojú àwọn ará abúlé, débi pé kì í ṣe ìṣòro ìlú mọ́.

Ká padà sọ́dọ̀ Taha. Ní ọdún 1914, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì tuntun ní Káírò, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á níbẹ̀. Akéwì kan láti Síríà ló kọ ìwé náà lé lórí: Abu al-Ala al-Ma'arri, tí ilẹ̀ẹ́gbóná fọ́ lójú ní kékeré, tó sé ara rẹ̀ mọ́lé títí ó fi kú ní ọdún 1057. Òun náà ń sá pamọ́ jẹun. Lọ́jọ́ kan oúnjẹ aládùn kan dà sí i láyà láìmọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan sì rí i, kò sì jẹ ẹ́ mọ́ títí ayé. Taha rí ara rẹ̀ nínú ọkùnrin yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé kò sí ohun rere kankan fún afọ́jú láyé.

Wọ́n wá rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní Montpellier, ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, ó pàdé ọmọbìnrin kan, Suzanne Bresseau, tó gbà láti máa kàwé sí i létí. Ìwé nìkan kọ́ ló ń kà fún un. Ó ń sọ bí òkè ṣe rí fún un, bí odò ṣe rí, ìrísí àwọn tó ń kọjá lọ. Taha kọ ọ́ pé ohùn yìí ló fa òun jáde láti inú ìrònú al-Ma'arri. Kristẹni ni Suzanne, Mùsùlùmí ni Taha, àwọn ẹbí obìnrin kan sì kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹjọ ọdún 1917. Ní 1918 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé kejì ní Paris.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbànújẹ́ náà lọ pátápátá. Ní ọdún 1926, ìwé kan tó kọ lórí ewì àwọn Lárúbáwá àtijọ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀, wọ́n pè é lẹ́jọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ náà kò lọ síbì kankan. Lásìkò wàhálà yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, tí ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yìí, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1929, ni ọ̀pọ̀ ohun tí a sọ lókè yìí ti wá. Suzanne náà kọ ọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí ìbànújẹ́ á bò ó, tí á dákẹ́ láìfẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òun náà á dúró tì í títí yóò fi kọjá.

Ní 1950, ọmọ tí onígbàjámọ̀ fọ́ lójú di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Íjíbítì. Ó sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́, nítorí lójú rẹ̀, ẹ̀kọ́ yẹ kó rí fún ọmọ tálákà bí omi àti afẹ́fẹ́. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1973 ló kú ní Káírò. Suzanne, tó ti ń kàwé sí i létí láti ọdún 1915, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.